Igba Nọ́ńbà Ó Lé Mẹ́rìnlá

Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe alámòójútó iṣẹ́ àkànṣe, kò sún ọjọ́ kankan síwájú rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kò mọ bíríkì, kò fa wáyà, kò kun ọ̀dà. Òun ló ń rí i pé ẹni tó ń mọ bíríkì ti kúrò lójú ọ̀nà kí ẹni tó ń kun ọ̀dà tó dé. Ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ lọ́la, òun ló yẹ kó ti mọ̀ lónìí. Ó ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó ní bírò mẹ́ta. Pupa ni ti ohun tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Búlúù ni ti ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Àwọ̀ ewé ni ti ohun tó ti parí. Bó bá ti fi àwọ̀ ewé sàmì sí nǹkan, kì í wẹ̀yìn wò ó mọ́.

Kì í bá àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ da nǹkan pọ̀. Wọ́n sì wà nílùú. Wọ́n ń ṣèpàdé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Ó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti di ọdún mẹ́ta. Òfin kan ni wọ́n ní. Kí ẹnikẹ́ni tó dá sí ọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó ti kọsẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ń yí lọ láti orí àga kan dé èkejì, ó kàn án.

"Èmi ò tíì kọsẹ̀ rí," ló wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin tín-ín-rín kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ẹ̀rín Abẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹ ò tíì rìn ni."

"Ó sàn kéèyàn jókòó ju kó máa ṣubú káàkiri bíi tìrẹ lọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń fi àṣìṣe ṣe ọ̀ṣọ́. Aránṣọ ni ọkọ rẹ̀. Okùn ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀.

"Hùn," ni ọkọ wí.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí ni wọ́ọ̀dù tuntun nílé ìwòsàn, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n ń sùn. Iná ló ń mú àpótí gbóná. Mẹ́rin nínú wọn kò tíì lè mí fúnra wọn, iná náà ló ń mí fún wọn. Ètò ni pé kí wọ́n kó wọn lọ sílé tuntun lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ àárọ̀, tàwọn ti àpótí wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, wọn yóò gé páìpù afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù àtijọ́. Ẹni tó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti kọ lẹ́tà pé àwọn yóò pa iná àdúgbò náà ní Sátidé, láti aago mẹ́wàá títí di aago kan, káwọn lè tún wáyà ṣe. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ ka lẹ́tà náà, kò mì. Wọ́ọ̀dù àtijọ́ ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ilé tuntun náà sì ní tirẹ̀. Wọ́n ti dán an wò. Àwọ̀ ewé ló wà níwájú rẹ̀ nínú ìwé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ wo ilé tuntun ní ìgbẹ̀yìn. Oníná ń di irinṣẹ́ rẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, kò ga, kò sí àpò ṣòkòtò rẹ̀ tí kò ní ìṣó nínú.

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an o. Jẹnẹrétọ̀ yìí ò dójú tì wá."

"Kí ló fẹ́ dójú tì yín? Gílóòbù mẹ́ta péré ló gbé lọ́jọ́ tá a dán an wò. Èmi gan-an ìbá gbé e."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí nǹkan tútù kan fi mú un látàrí, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Gílóòbù mẹ́ta?"

"Kí ló tún wà ńlẹ̀ nígbà yẹn? Amúlétutù ò tíì dé. Àpótí àwọn ọmọ, ẹ ní ọ̀la ló ń bọ̀."

"Ìṣẹ́jú mélòó la fi tàn án?"

"Mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà lẹ dúró tì mí, ẹ ní ó ti tó."

Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló sọ ọ́. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, àwọn onítáìsì tó fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ ilé ń dúró dè é. Nínú ètò rẹ̀, dídán jẹnẹrétọ̀ wò ṣáájú kíkó ẹrù wọlé, torí ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ fẹ́ parí tirẹ̀ kó máa lọ. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé pé, wọ́n dán an wò. Kò sí oníbíríkì tó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka ọjọ́ nìkan ló lè ṣe é.

Ó ní kí Oníná tan amúlétutù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, kó fi jẹnẹrétọ̀ gbé wọn. Ó gbé wọn. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mẹ́ta. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ẹ̀rọ náà húkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Iná ṣẹ́jú, ó sì padà.

"Kí nìyẹn?"

"Ó húkọ́ ni."

"Kí ló mú un húkọ́?"

"Ọ̀gá mi, wáyà lèmi mọ̀. Inú ẹ̀rọ, Ọlọ́run àtẹni tó tà á ló yé."

Ó ní kó pa á. Kì í ṣe pé ó ti wò ó tó. Ẹ̀rù ló ń bà á kó má lọ húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó pe ẹni tó tà á.

"Á gbé e, mọ̀dáámù. Á gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà nínú ìwé tá a fún yín."

"Ẹ̀yin fúnra yín ti rí ibi tó ti gbé e?"

"Ó wà nínú ìwé."

Ó rìn lọ sí wọ́ọ̀dù àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ, kì í ṣe òun ló ní kó gbé òun. Nọ́ọ̀sì àgbà ń nu gíláàsì àpótí kan. Ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá, kò tíì wọn kìlò kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ọ̀gá Pátápátá.

"Ẹ kí Ọ̀gá Pátápátá," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. "Ó ní òun ti di ẹrù òun. Ó ní ẹni tó bá pẹ́ lọ́la, òun á yọ ọ́ níṣẹ́."

Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ wo ọwọ́ ọmọ náà. Kò gùn tó àtàǹpàkò òun.

"Tí iná bá lọ pátápátá ńkọ́?" ló bi í. "Ká ní jẹnẹrétọ̀ náà ò ṣiṣẹ́."

"Ọwọ́ náà ni. A ó máa fi ọwọ́ tẹ bálúùnù afẹ́fẹ́ sí wọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan fún ọmọ kan, kò gbọdọ̀ gbójú kúrò."

"Nọ́ọ̀sì mélòó ló máa ń wà níbí ní Sátidé?"

"Méjì." Ọwọ́ nọ́ọ̀sì àgbà dúró lórí gíláàsì. "Kí ló dé?"

"Kò sí."

Ó jáde. Ọmọ mẹ́rin, nọ́ọ̀sì méjì. Kò fẹ́ ṣe ìṣirò náà. Ó ti ṣe é tán kó tó mọ̀.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá ẹni tó ń nu ilẹ̀. Bó bá lọ bá Dókítà Àgbà, olórí ilé ìwòsàn náà, nísinsìnyí, kí ló fẹ́ wí? Pé ẹ̀rọ húkọ́? Wọn yóò bi í pé ṣé ó bàjẹ́ ni, kò sì mọ̀. Wọn yóò ní ìbẹ̀rù kì í ṣe ìròyìn. Dókítà Àgbà sì ti pe àwọn èèyàn ńlá pé kí wọ́n wá wo ilé tuntun ní Ẹtì.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde láti wá ẹni tó máa bi léèrè. Igba nọ́ńbà ó lé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Oníbíríkì. Onígíláàsì. Onítáìsì àkọ́kọ́, onítáìsì kejì. Akọ̀wé Dókítà Àgbà. Ó ń fi àtàǹpàkò yí i lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń pàṣẹ fún wà níbẹ̀, àwọn tó ń pàṣẹ fún un náà wà níbẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún gun òkè padà, bóyá ó ti fo ẹnìkan. Kò fo ẹnikẹ́ni. Nínú igba ó lé mẹ́rìnlá, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè pè kó wí fún pé: mi ò mọ̀ o, irú èyí ti ṣe ọ́ rí?

Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà á dé egungun. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn."

"Kí ló ṣe ohùn rẹ?"

Ó rò fún un. Aránṣọ náà gbọ́ ọ tán. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ rẹ̀ dákẹ́.

"Nígbà tí mo gé apá kóòtù ọkọ ìyàwó kan kúrú lọ́jọ́sí, ta ni mo sá lọ bá? Ṣé ọkọ ìyàwó ni?"

"Aránṣọ òdìkejì títì."

"Ẹni tí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé kó lọ máa ránṣọ fún ewúrẹ́. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fi bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ kún apá hàn mí, kóòtù náà sì bá ọkọ ìyàwó mu. Ọjọ́ wo lòní?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ ìkelòó nínú oṣù?"

"Àkọ́kọ́ ni."

"Hùn," ni ọkọ wí, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló gun àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ó ń mi pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dé àárín, ó dúró, ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì. Ọmọ mẹ́rin, nọ́ọ̀sì méjì. Ó tún gòkè.

Yàrá náà kò yí padà. Tábìlì kan, àga mẹ́jọ, jọ́ọ̀gì omi kan. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bàbá Rúlà ló jókòó níwájú, ọkùnrin arúgbó tó ti ṣe alámòójútó afárá mọ́kànlá kó tó fẹ̀yìn tì. Rúlà onípákó kan kì í kúrò nínú àpò àyà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà létí fèrèsé, ife lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó!" ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹni tí ò kọsẹ̀ rí ló ń bọ̀. Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n, pákó yàrá wa ò tẹ́jú. Ẹ má lọ fi tiwa ṣe àkọ́kọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ fa àga kan, ó jókòó.

"Òfin náà ò yí padà, ọmọ mi," ni Bàbá Rúlà wí. "Níbo lo ti kọsẹ̀?"

Ó sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Gílóòbù mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ mẹ́sàn-án, mẹ́rin tí kò lè mí. Iná tí wọn yóò pa ní Sátidé. Nọ́ọ̀sì méjì. Ọ̀la, aago mẹ́jọ àárọ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ bu epo sínú táǹkì ẹ̀rọ náà?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Oṣù keje rè é."

"Ìta ló wà?"

"Ìta ni."

"Òjò ti pa á?"

"Òjò ti pa á."

"Ìṣẹ́jú ìkelòó ló húkọ́?"

Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ wò ó. Kò tíì sọ pé ó húkọ́. Ó ti fò ó.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìṣẹ́jú ìkelòó, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìkẹfà."

"Nílé ìwòsàn tí mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, tiwa húkọ́ ní ìkẹjọ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ó kú ní ìkẹrìnlá. Ọmọ méjì ni kò lè mí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, òun mú ọ̀kan, èmi mú èkejì. Èmi tí mi ò gbé ọmọ rí. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tẹ bálúùnù. Àtàǹpàkò yìí ò tíì padà sípò títí dòní." Ó gbé e sókè, wọ́n rí i bó ṣe wọ́. "Àwọn méjèèjì yè. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń kà á lójú oorun. Ọ̀kan, èjì, tẹ̀. Ọ̀kan, èjì, tẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Mo sọ gbogbo ẹ̀ nínú yàrá yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àga tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, kò sẹ́ni lórí ẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ wo àga tó jókòó sí.

"Tí ẹ̀rọ ò bá gbé ẹrù, ìyẹn nǹkan tó ń jẹ iná, epo díẹ̀ ló ń mu," ni Abẹ́rẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń fa tìsàlẹ̀ táǹkì. Ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí àti omi wà. Ẹ pe oníná yín. Ẹ ní kó wá ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, kó gbé ìgò tó mọ́ gaara sí i, kó tú u."

Ó pe Oníná. Oníná ní òun ti wọ ṣòkòtò ilé. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Oníná ní òun ń sáré bọ̀.

Wọ́n ń dúró. Bàbá Rúlà ń yí rúlà rẹ̀ lórí tábìlì. Ọkùnrin onífìlà kan, tó ń ṣe alámòójútó ilé ìtura kan, bu omi sínú ife, ó tì í síwájú Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ń gbàdúrà pé kí epo jáde. Kí ó jẹ́ epo, kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí di oṣù tó ń bọ̀, òun á gbà.

Fóònù dún. Ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn.

"Ọ̀gá mi." Oníná ń mí gúlegúle. "Omi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ìgò kìíní, omi. Ìgò kejì, omi. Ìkẹta ni epo tó yọjú, ìdọ̀tí sì kún inú ẹ̀. Ọ̀gá mi, tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yẹn..." Kò parí rẹ̀.

Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ pa fóònù.

"Fífà á jáde nìkan ò tó," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wọ́n ní láti fọ táǹkì, kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ epo, kí wọ́n bu òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo ẹrù lé e fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Mo mọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́, òun ló fọ tiwa." Fóònù ti wà létí rẹ̀. Kò pẹ́ tó gbé e kúrò. "Ó ń bọ̀ lọ́la, aago méje. Á fi gbogbo ọjọ́ ṣe é."

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹrù gbé lé e? Àwọn ọmọ ṣì wà nínú àpótí."

"Mo ní ẹ̀rọ amúlégbóná mẹ́rìnlá nílẹ̀," ni onífìlà wí. "Ilé ìtura wa ò tíì ṣí. Ẹ rán ọkọ̀ wá kó wọn."

Bàbá Rúlà ka ọjọ́ lórí ìka. "Ẹtì, wọ́n fọ̀ ọ́. Sátidé, iná lọ, ẹ gbé ẹrù lé e, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Sọ́ńdè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́ńdè lẹ kó àwọn ọmọ."

Gbogbo wọn yíjú sí Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ tí ìlú ń pè é.

Ẹ̀rù àkọ́kọ́ dìde, òmíràn jókòó sí ipò rẹ̀. Ó wá nọ́ńbà Dókítà Àgbà. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀! Ṣé gbogbo nǹkan ti wà létòlétò?"

"Sà, a ò ní lè kó àwọn ọmọ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wọ́n má gé páìpù."

"Mo ti pe ogún èèyàn. Àwọn kan ti wà lójú ọ̀nà."

"Omi wà nínú epo jẹnẹrétọ̀, sà. Mo dán an wò láì gbé ẹrù lé e. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ó wo yàrá náà yíká. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni, sà."

"Ìgbà wo lo ní ẹlẹgbẹ́?"

Dókítà kò dúró de èsì.

"Wọn ò ní gé páìpù. Ṣùgbọ́n ìwọ, máa bọ̀ ní ọ́fíìsì mi báyìí báyìí. Mú ìwé rẹ dání. Mo fẹ́ fojú mi rí ibi tó o fọwọ́ sí."

Fóònù kú. Ọjọ́-Kì-í-Yẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀. Ó mú bírò pupa, ó fi fa ìlà gba orí àwọ̀ ewé náà kọjá. Ìlà náà kò tọ́. Lẹ́yìn náà ó na fóònù rẹ̀ sí Abẹ́rẹ́.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, tẹ nọ́ńbà rẹ síbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó di igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?" ni Bàbá Rúlà bi í.

"Tí wọ́n bá ti lé mi ńkọ́, bàbá?"

"Ẹni tí wọ́n lé ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu jù. Ìwọ la ó kọ́kọ́ gbọ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Òun náà gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ó ki ìwé bọ inú báàgì, ó dìde, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Dókítà Àgbà.